Ṣé Kérésìmesì àwọn Júù ni Hanukkah?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ń tọ́jú ìyá àgbà Júù kan ní àríwá London. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ wọn obìnrin gbé ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka mẹ́sàn-án kan wá, ó ní Hanukkah ti ń bọ̀, èmi ni màá sì wà lọ́dọ̀ Mama lálẹ́ tí wọ́n bá ń tàn án. Mo béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní Kérésìmesì àwọn Júù ni. Ọkọ mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, òun ti ka Májẹ̀mú Láéláé tán, òun ò rí i níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ ní kí n má fọwọ́ kàn án rárá, kí n má lọ bá wọn bọ ohun tí mi ò mọ̀. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? Kí sì ni kí n ṣe tó bá dalẹ́ ọjọ́ náà?

* * *

Ọkọ rẹ ò purọ́, àbúrò. Hanukkah ò sí nínú Májẹ̀mú Láéláé tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Àmọ́ ní kó ṣí Ìhìn Rere Jòhánù, orí 10, ẹsẹ 22 àti 23. Ó máa bá a níbẹ̀ pé wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ìyàsímímọ́ ní Jerúsálẹ́mù, pé ìgbà òtútù ni, àti pé Jésù ń rìn nínú tẹ́mpìlì, ní ìloro Sólómọ́nì. Àjọ̀dún yẹn gan-an ni Hanukkah. Ìyàsímímọ́ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè Hébérù. Láti kékeré la ti ń ka ẹsẹ yẹn, a kì í dúró bèèrè irú àjọ̀dún wo ni.

Nítorí náà, ọdún tí Jésù fúnra rẹ̀ bá nílẹ̀ ò lè jẹ́ ọdún ìbí rẹ̀. Bóyá ìyẹn á tó láti fi dá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lóhùn.

Ìwé Mákábì Kìíní àti Ìkejì ni ìtàn náà wà. Àwọn Kátólíìkì ní ìwé méjèèjì nínú Bíbélì tiwọn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ọmọ ìjọ Kátólíìkì tó mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà tí àwa yòókù ń wo ara wa lójú. Àwọn Júù pàápàá ò fi ìwé méjèèjì sínú Bíbélì wọn, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe ọdún náà láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ tó ń bẹ̀rù pé o fẹ́ lọ bọ nǹkan, kò sí ère kankan níbẹ̀. Àwọn èèyàn tó yàn láti kú ju kí wọ́n bọ ère lọ ni ìtàn náà dá lé.

* * *

Mo rí ẹni tó kọ ọ́ pé ará Róòmù ni àwọn Júù bá jà nínú ìtàn yìí. Rárá o. Róòmù ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí Alẹkisáńdà ọba Gíríìkì kú lọ́dún 323 kí wọ́n tó bí Jésù, àwọn ọ̀gágun rẹ̀ pín ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ilẹ̀ Jùdíà kọ́kọ́ bọ́ sábẹ́ àwọn tó mú Íjíbítì, nígbà tó sì di nǹkan bí ọdún 200, ó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Seleucus tó ń jọba láti Síríà. Ọmọ ìdílé yẹn ni Antiochus Kẹrin tó gorí oyè lọ́dún 175. Òun ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: lọ́dún 167 ó fòfin de ilà abẹ́, ó fòfin de Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ń sun ìwé Òfin níná, wọ́n gbé pẹpẹ òrìṣà Gíríìkì lé orí pẹpẹ tẹ́mpìlì. Ìyá tó bá dá abẹ́ fọ́mọ rẹ̀, pípa ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn yìí ni pé wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí Antiochus. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀. Kí ọba yẹn tó ṣòfin kankan, Júù kan tó sọ ara rẹ̀ ní Jason ti lọ san owó fún un kó lè gba oyè olórí àlùfáà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tirẹ̀. Jason yìí kọ́ ilé eré ìdárayá bíi ti Gíríìkì sí Jerúsálẹ́mù, àwọn ọ̀dọ́ ń ṣeré níhòòhò níbẹ̀, ìwé Mákábì Kìíní sì sọ pé àwọn kan ń wá ọ̀nà láti bo ilà abẹ́ wọn mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Menelaus san ju iye tí Jason san lọ, ó gba oyè náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Oyè àlùfáà di ọjà. Ẹni tó bá dàgbà sílùú tí wọ́n ti ń fi owó du oyè mọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ọba dé abúlé Modiin pé kí wọ́n wá rúbọ, Mattathias tó jẹ́ àlùfáà kọ̀. Júù míì jáde láti rúbọ. Ìyẹn ni Mattathias kọ́kọ́ pa, kó tó pa òṣìṣẹ́ ọba. Ó sá lọ sórí òkè pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ Júdásì, tí wọ́n ń pè ní Mákábì, gba ipò olórí ogun. Wọn ò pọ̀, wọ́n ń ba níbi tóóró láàárín òkè, wọ́n ń yọ sí ọ̀tá ní òjijì. Lọ́dún 164 wọ́n padà wọ tẹ́mpìlì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n bá ẹnubodè tó ti jóná, wọ́n bá igbó tó ti hù nínú àgbàlá. Pẹpẹ tí wọ́n ti sọ di aláìmọ́ ńkọ́? Wọn ò mọ ohun tí wọn ì bá fi ṣe. Wọ́n tú u ká, wọ́n to òkúta rẹ̀ jọ síbì kan títí wòlíì kan á fi dé wá sọ ohun tó yẹ kí wọ́n fi ṣe, wọ́n sì fi òkúta tuntun mọ òmíràn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kislev ti àwọn Júù, ọjọ́ kan náà tí wọ́n kọ́kọ́ rúbọ òrìṣà lórí rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n yà á sí mímọ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe gbogbo èyí, àwọn ọmọ ogun ọ̀tá ṣì wà nínú odi Akra, nínú Jerúsálẹ́mù kan náà. Júdásì ní láti yan àwọn kan kí wọ́n máa bá wọn jà bí àwọn yòókù ṣe ń gbálẹ̀. Ọdún 141 ni ọ̀tá tó kúrò nínú odi yẹn, Júdásì ti kú sójú ogun ṣáájú ìgbà náà. Wọn ò dúró dìgbà tí ogun máa parí kí wọ́n tó tan fìtílà.

* * *

"Àǹtí, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ òróró." Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé wọ́n rí ìgò òróró ólífì kan ṣoṣo tí èdìdì olórí àlùfáà ṣì wà lórí rẹ̀, ti ọjọ́ kan péré, ó sì jó fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ìwé Mákábì méjèèjì ò mẹ́nu kan òróró yìí. Ìwé Ìkejì sọ ìdí mìíràn fún ọjọ́ mẹ́jọ: Àjọ Àgọ́ ti kọjá nígbà tí wọ́n wà nínú ihò àpáta bí ẹranko, wọn ò rí i ṣe, wọ́n wá ṣe ìyàsímímọ́ náà ní àpẹẹrẹ rẹ̀. Josephus, òpìtàn Júù tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní, pe ọdún náà ní Ìmọ́lẹ̀, òun náà ò sọ nípa òróró. Ó ní bóyá torí pé òmìnira yọ sí wọn nígbà tí wọn ò retí rẹ̀ ni. Inú Talmud, ìwé ńlá tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ àwọn amòye Júù jọ sí, ni ìtàn òróró ti jáde, níbi tí àwọn amòye ti béèrè pé, "Kí ni Hanukkah?"

Ẹni tó wá kọ ọ́ síbí pé "irọ́ ni òróró náà nígbà yẹn", mi ò bá a lọ. Ronú nípa àwọn tó sọ ọ́. Róòmù ti wó tẹ́mpìlì kan náà lọ́dún 70 lẹ́yìn ìbí Jésù, wọ́n ti dìtẹ̀ mìíràn tó parí nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́dún 135. Ìdílé Mákábì tí wọ́n ti ń yìn, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló gba oyè ọba pọ̀ mọ́ oyè àlùfáà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń bára wọn jà títí Pompey ará Róòmù fi wọlé lọ́dún 63 kí wọ́n tó bí Jésù. Ó yé mi pé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ò ní fẹ́ fi ogun kọ́ ọmọ wọn. Òróró ni wọ́n fi síwájú.

Ní ilé tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní Golders Green ní London, ọdọọdún ni wọ́n ń jà sí ọ̀rọ̀ yìí lórí tábìlì oúnjẹ. Mama tí mo ń tọ́jú níbẹ̀, tí mo ń pè ní Mama mi, ò gbọdọ̀ gbọ́ ogun sétí; iṣẹ́ ìyanu ni, ó parí. Ọkọ ọmọ wọn, tó dàgbà ní Ísírẹ́lì, Júdásì nìkan ló ń rí. Lálẹ́ karùn-ún lọ́dún kan, wọ́n jà débi pé oúnjẹ tutù. Mo kọ́kọ́ rò pé ilé náà ti tú. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún jókòó pọ̀, wọ́n ń kọrin.

* * *

Ó yá, iṣẹ́ ọwọ́. Èyí ló kàn ọ́ jù.

Ẹ̀ka mẹ́sàn-án ni ọ̀pá fìtílà náà ní: mẹ́jọ fún ọjọ́ mẹ́jọ, ìkẹsàn-án fún shamash, ìyẹn ìránṣẹ́. Ìránṣẹ́ yìí máa ń ga ju àwọn yòókù tàbí kó yà sí ọ̀tọ̀. (Ti inú tẹ́mpìlì, méje ni ẹ̀ka rẹ̀, ẹ lè rí àwòrán rẹ̀ lára ẹnu ọ̀nà Titus ní Róòmù, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń rù ú lọ.) Lálẹ́ kìíní, àbẹ́là kan ní apá ọ̀tún pátápátá, pẹ̀lú ìránṣẹ́. Lálẹ́ kejì, fi ọ̀kan kún un ní apá òsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Apá ọ̀tún la ti ń tò ó, ṣùgbọ́n èyí tó dé kẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń tàn, wọ́n á máa bọ̀ sápá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń ṣi èyí ṣe. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 44 àbẹ́là, iye tó sábà máa ń wà nínú páálí kan nìyẹn, torí náà má yá ilé lábẹ́là nínú rẹ̀ bí iná bá lọ.

Má fi ìmọ́lẹ̀ náà kàwé, má fi wá nǹkan. Wíwò nìkan ni wọ́n ń wò ó. Ìdí tí ìránṣẹ́ fi wà níbẹ̀ nìyẹn: bí ojú bá lo ìmọ́lẹ̀, kó jẹ́ tirẹ̀.

Kì í ṣe ìwọ lo máa tàn án o. Ẹni tó bá jẹ́ Júù ni àṣẹ náà wà fún, títàn rẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ náà. To àbẹ́là, ṣáná sí ìránṣẹ́ bí wọ́n bá ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀, di ọwọ́ Mama mú bó bá ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọwọ́ wọn wà lórí rẹ̀. Wọ́n á súre mẹ́ta lálẹ́ kìíní, méjì ní alẹ́ yòókù. Ó kéré tán, kó jó fún ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í ṣiṣẹ́ ilé ní gbogbo ìgbà tó bá ń jó, nítorí náà má ṣe gbé aṣọ wá fún Mama ká. Bí ọ̀kan bá kú kí àkókò tó pé, kò pọn dandan kí wọ́n tún un tàn.

Ọjọ́ Jímọ̀ lèèyàn ti ń ṣàṣìṣe. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ tan ti Hanukkah, lẹ́yìn náà ti Ọjọ́ Ìsinmi. Àbẹ́là kékeré ò ní tó, wá èyí tó gùn tàbí òróró púpọ̀, kó lè jó títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni nínú ilé ò ní tan iná, wọn ò sì ní pa á. Bí o bá rí i pé ó fẹ́ jó nǹkan, pa á, ẹ̀mí ló ṣáájú, àwọn fúnra wọn á sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ.

Ó sì ku ohun kan tí mo fi gbogbo ara sọ: bí Mama bá ń fa ọ́síjìn, iná kankan ò gbọdọ̀ sún mọ́ yàrá náà. Àwọn kan á ra èyí tó ń lo bátìrì. Ọ̀pọ̀ rábì ò gbà pé ìyẹn tó, wọ́n ní kí wọ́n má súre lórí rẹ̀. Jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn bá rábì wọn sọ ọ́. Má dá ọ̀rọ̀ náà ro fúnra rẹ.

* * *

Ẹni tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àbẹ́là mẹ́jọ kí wọ́n máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi wo lo ti gbọ́ ọ? Inú mi dùn pé o béèrè. Àríyànjiyàn àtijọ́ ni, láàárín ilé ẹ̀kọ́ amòye Júù méjì, Shammai àti Hillel. Ilé ẹ̀kọ́ Shammai ló sọ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ń wò ó bí akọ màlúù tí wọ́n ń fi rúbọ ní Àjọ Àgọ́, tó ń dín láti 13 bọ̀ sí 7. Ilé ẹ̀kọ́ Hillel ní ohun mímọ́ kì í dín, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ti Hillel ni gbogbo wọn ń ṣe báyìí. Ẹ sì wò ó, Shammai ṣì rántí Àjọ Àgọ́ inú Ìwé Mákábì Ìkejì.

* * *

Kí ló dé tí ọjọ́ rẹ̀ fi ń yí? Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń kà, bíi ti Ramadan. Ṣùgbọ́n Ramadan máa ń rìn yí gbogbo ọdún po. Tiwọn, wọ́n ń fi oṣù kan kún ọdún ní ẹ̀ẹ̀méje láàárín ọdún 19, kò sì lè kúrò nígbà òtútù. Lọ́dún 2013 ó bọ́ sí oṣù kọkànlá, lọ́dún 2024 alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ lọjọ́ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, bíi ti àwọn Mùsùlùmí.

* * *

Oúnjẹ. Ohun tí wọ́n bá ti fi òróró dín ni. Àwọn tí baba ńlá wọn ti Yúróòpù wá máa ń rin ọ̀dùnkún òyìnbó, wọ́n á pò ó mọ́ ẹyin àti àlùbọ́sà, wọ́n á dín in pẹlẹbẹ: latke nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun tí Júdásì jẹ nìyí o, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ọ̀dùnkún yẹn ti wá, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lẹ́yìn ikú Júdásì kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wàràkàṣì ni wọ́n ń dín tẹ́lẹ̀, torí ìtàn àwọn àgbà wọn pé Júdítì, obìnrin Júù kan, fún ọ̀gágun ọ̀tá ní wàràkàṣì oníyọ̀ jẹ kí òùngbẹ lè gbẹ ẹ́, ó fún un ní wáìnì, ó sì bẹ́ orí rẹ̀. Ní Ísírẹ́lì, sufganiyah ló pọ̀ jù, dónọ́ọ̀tì tó ní jáàmù nínú. Ti àwọn ará Mòrókò ń jẹ́ sfenj.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ sfenj nílé aládùúgbò wọn kan tó wá láti Mòrókò, omi bọ́ lójú mi. Pọfu-pọfu ni! Ìyẹ̀fun, ìwúkàrà, òróró gbígbóná, ìyàtọ̀ kan ni pé wọ́n lu ihò sí i láàárín. Lọ́dún kejì mo dín tiwa wá. Mama béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kóṣà, ìyẹn òfin oúnjẹ àwọn Júù, mo sì ti fi ìkòkò tuntun àti òróró tiwọn dín in nínú ilé ìdáná tiwọn. Wọ́n jẹ mẹ́rin. Bí o bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, béèrè kó o tó gbé ìkòkò kaná. Má gbé e wá láti ilé.

* * *

Àwọn ọmọ-ọmọ wọn á wá pẹ̀lú òkòtó onígun mẹ́rin. Dreidel ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà Hébérù mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, wọ́n ní ó dúró fún "Iṣẹ́ ìyanu ńlá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀". Ní Ísírẹ́lì wọ́n pààrọ̀ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn kó lè jẹ́ "níhìn-ín". Ìtàn kan ní àwọn ọmọdé fi ń bojú nígbà Antiochus, pé bí ọmọ ogun bá dé bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ Òfin, wọ́n á mú òkòtó jáde. Mi ò gbà á. Eré owó ni ní Jámánì, lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bá èdè Yídíìṣì wọn mu: má mú nǹkan, kó gbogbo rẹ̀, mú ìdajì, fi kún un. Àwa tó ta òkòtó ìkarahun ìgbín ní kékeré, a máa ń borí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Má borí wọn jù.

* * *

Mo padà sórí Kérésìmesì, torí ẹni méjì ti ní àwọn rí i pé wọ́n ń fúnni lẹ́bùn, nítorí náà ọ̀kan náà ni. Owó ni wọ́n ń fún ọmọdé látijọ́. Ẹ̀bùn wíwé lálaalẹ́, Amẹ́ríkà ló ti gbilẹ̀, torí ọmọ Júù ń wo ọmọ aládùúgbò tó ń ṣí ẹ̀bùn lábẹ́ igi Kérésìmesì. Àwọn òbí ò fẹ́ kí ojú ọmọ wọn máa wọ́lẹ̀, ohun tí òbí èyíkéyìí á ṣe ni. Láàárín àwọn Júù fúnra wọn, ọdún kékeré ni Hanukkah. Wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjọ́ Ètùtù tí ẹnikẹ́ni ò ní fi omi kan ẹnu, o máa rí ìyàtọ̀. Bí o bá kí Mama ní "Kérésìmesì yín ti dé", wọn ò ní bínú, ṣùgbọ́n á dùn wọ́n. "Hanukkah sameach" ni kí o sọ. Ẹ kú ọdún Hanukkah ni.

* * *

Ìbéèrè rẹ tó dé láàárọ̀ yìí ló ká mi lára jù: o ní Mama fẹ́ kó wà lójú fèrèsé, ọmọ wọn sì ní kí o gbé e sínú yàrá ẹ̀yìn, torí ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sára ògiri àwọn Júù lóde báyìí.

Kò sí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń tàn án ni kí ará ìta rí i. Ẹnu ọ̀nà tàbí fèrèsé ni àwọn amòye ní kí wọ́n gbé e sí. Àwọn amòye kan náà sọ pé nígbà ewu, gbé e sórí tábìlì, ó tó. Ohun tí ọmọ wọn sọ ò lòdì sí òfin.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ nǹkan méjì kó o tó gbé e. Lọ́dún 1931, ní ìlú Kiel ní Jámánì, rábì Akiva Posner àti ìyàwó rẹ̀ Rachel gbé tiwọn sójú fèrèsé. Ní òdìkejì títì, àsíá Nasi, ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, ló ń fẹ́ lára ilé ẹgbẹ́ náà. Rachel ya àwòrán rẹ̀, ó kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán pé àsíá ń sọ pé kí Júdà kú, ìmọ́lẹ̀ dáhùn pé Júdà á wà láéláé. Lọ́dún 1933 wọ́n kúrò ní Jámánì, wọ́n kó ọ̀pá fìtílà náà dání. Èkejì: ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, ní Billings, ní ìpínlẹ̀ Montana, wọ́n sọ bíríkì wọ fèrèsé yàrá ọmọdékùnrin Júù kan tí ọ̀pá fìtílà wà níbẹ̀. Ìwé ìròyìn ìlú náà tẹ àwòrán ọ̀pá fìtílà tó gba odindi ojú ewé kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tí kì í ṣe ti Júù sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tiwọn.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mama mi gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn ọmọ wọn sọ. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ yàrá ẹ̀yìn. Èmi ni mo gbé e lọ síwájú, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n díẹ̀, mo sì jókòó tì wọ́n títí ó fi jó tán. Aládùúgbò kan tí kì í kí wa juwọ́ láti ìta.

Nítorí náà, sọ fún ọmọ wọn pé kó bá Mama sọ ọ́ fúnra rẹ̀ níwájú rẹ, ilé Mama ni, ohun tí wọ́n bá sọ ni kí o ṣe. Bí wọ́n bá ní ojú fèrèsé, fi àwo irin sábẹ́ rẹ̀, gbé omi sítòsí, kí o sì ká kọ́tìnnì sọ́tùn-ún sósì kí o so ó. Kọ́tìnnì tètè ń gbiná, kò sì ní jẹ́ kí ará ìta rí i.